Ìdí tí géèjì epo mọ́tò fi máa ń parọ́, àti bí awakọ̀ ṣe ń bá a yí

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò á ti rí èyí rí: ẹ ra epo kún táǹkì, ẹ wakọ̀ títí, ọwọ́ géèjì ò kúrò lórí F, inú yín ń dùn pé mọ́tò yìí mà mọ epo lò o, ó kọjá ìlàjì báyìí ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ wàrà wàrà, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú iná pupa ti tàn. Ẹlòmíì á ní epo ń jò, ẹlòmíì á ní ilé epo ló yan òun jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ìkankan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe géèjì yẹn gan-an nìyẹn, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n dáadáa, torí owó epo lóde òní kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ojú díwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo inú táǹkì. Nínú Corolla tàbí Camry, tí rẹ́wáyà bá ká àga ẹ̀yìn kúrò, ìdérí kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí wáyà wọ inú ẹ̀ lọ. Abẹ́ ìdérí yẹn ni fuel pump tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnì wà, ó máa fà á jáde tòun ti ilé ẹ̀, lára ilé yẹn lẹ máa ti rí irin tín-ín-rín kan tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, tó ní fúlóòtù kékeré kan lẹ́nu. Fúlóòtù yẹn ló ń léfòó lórí epo, epo gòkè ó gòkè, epo wálẹ̀ ó wálẹ̀. Ní ìdí irin náà, àwọn ọmọ irin wẹ́wẹ́ kan wà tó ń fẹnu ra lórí pálí kékeré kan tí wọ́n fa ìlà tín-tìn-tín sí, ibi tẹ́nu ẹ̀ bá dúró sí lórí ìlà yẹn ló máa sọ bí iná tó ń kọjá ṣe máa pọ̀ tó, iná yẹn ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà. Gbogbo ohun tí géèjì mọ̀ nípa epo yín ò ju ìyẹn lọ, ibi tí fúlóòtù kan wà. Kò ka lítà, kò sì sí mítà kankan nínú táǹkì tó ń ka lítà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Táǹkì mọ́tò kì í ṣe àpótí tó dọ́gba lókè lódò. Ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù lábẹ́ mọ́tò ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́nà sàláńsà, wọ́n á fún un pọ̀ níbì kan, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ níbòmíì. Ẹ fi akèǹgbè ẹmu wò ó: ẹmu ìka kan níbi ọrùn ẹ̀ lè má kún ife, ìka kan yẹn náà níbi ikùn ẹ̀, ọ̀pọ̀ ife ni. Fúlóòtù tó wálẹ̀ ní ìka kan ò mọ̀ bóyá ọrùn lòun wà tàbí ikùn. Àwọn mọ́tò tó jẹ́ tuntun díẹ̀, wọ́n ti fi bí táǹkì ṣe rí sínú bréènì bọ́ọ̀sì ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ó máa ń bá a ṣírò ẹ̀ dé àyè kan, ṣùgbọ́n mọ́tò àtijọ́ ò ní irú ẹ̀. Jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà tiẹ̀ tún wá lọ́tọ̀, òmíì nínú wọn, táǹkì ẹ̀ pín sí apá ọ̀tún àti apá òsì torí irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn gba àárín kọjá, fúlóòtù méjì ló máa ní, tí ọ̀kan bá ti kú, epo lè wà lápá kan kí géèjì máa sọ nǹkan míì.

Nǹkan kejì ni pé fúlóòtù ò lè dé òkè pátápátá, kò sì lè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí epo bá kún, fúlóòtù á ti gòkè dé ibi tó lè dé kí epo tó dúró, epo tó kù tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ̀ nípa ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ géèjì fi máa ń lẹ̀ mọ́ F fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Nísàlẹ̀ ńkọ́, àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ọ́mọ̀ fi epo díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ E ni, torí tí mọ́tò bá ṣì ń lọ lẹ́yìn tó ti kan E kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà, ṣùgbọ́n tó bá kú lójú ọ̀nà nígbà tí géèjì ṣì ń sọ pé epo wà, wọ́n á gbọ́ ọ. Iye tí wọ́n fi pamọ́ yìí ò dọ́gba láti mọ́tò kan sí èkejì. Ẹni tó ń sọ fún yín pé "tó bá ti kan E ó ṣì máa rin 50 kìlómítà", mọ́tò tiẹ̀ ló ń sọ.

Ìsàlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa wà látàárọ̀ dalẹ́ báyìí. Kó tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ epo lọ, lítà kan wà ní nǹkan bíi náírà 185, ẹgbẹ̀rún 10 náírà á gbé lítà 54 wá, Corolla tí táǹkì ẹ̀ gba lítà 50 á kún, ṣéńjì á tún kù lọ́wọ́ yín. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún yẹn, lítà kan ti di náírà 617, ẹgbẹ̀rún 10 yẹn náà kò ju lítà 16 lọ mọ́, kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta táǹkì. Látìgbà náà la ò ti kún táǹkì mọ́, à ń ra díẹ̀díẹ̀, à ń lò ó dé ìsàlẹ̀, a tún ń rà díẹ̀. Ìyẹn ni pé apá ibi tí géèjì ò ti ṣeé gbára lé jù la ti wá ń lò ó jù. Fuel pump náà sì ń jìyà ẹ̀, torí inú epo ló ń gbé, epo yẹn ló ń mú kó tutù bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tí epo bá wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, ara ẹ̀ á máa gbóná, kì í pẹ́ kú.

Tí ẹ bá páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí irú àwọn ọ̀nà òkè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta yẹn, epo á ṣàn lọ sí apá kan, fúlóòtù á gòkè tàbí kó wálẹ̀, epo ò sì dín ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá já kọ́nà sáré, tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, bákan náà ni. Kí ọwọ́ géèjì má baà máa jó sókè sódò lójú yín, wọ́n ṣe é kó máa lọ́ra, bréènì bọ́ọ̀sì á kó ohun tí fúlóòtù ń sọ jọ fún ìgbà díẹ̀, ààrin ẹ̀ ló máa fi hàn yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tiẹ̀ o, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra epo díẹ̀díẹ̀ gbọ́ eléyìí: nínú àwọn mọ́tò kan, tẹ́ ẹ ò bá pa mọ́tò kẹ́ ẹ tó ra epo, tàbí tí epo tẹ́ ẹ rà bá kéré, bréènì bọ́ọ̀sì ò ní tètè gbà pé epo ti wọlé, á rò pé epo inú táǹkì ló kàn ń mì. Ẹ ra ti ẹgbẹ̀rún 3, géèjì ò mì, ẹ ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń ta epo. Mo mọ̀ pé àwọn ilé epo kan ń yí mítà, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n géèjì mọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí téèyàn lè gbé dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ máa pa mọ́tò kẹ́ ẹ tó ra epo, ààbò ló jẹ́ pẹ̀lú.

Ohun kan ṣoṣo wà lórí géèjì yẹn tó jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo, ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán pọ́ọ̀ǹpù epo. Apá tó bá kọjú sí ni ẹnu táǹkì wà. Jim Moylan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ford ló dá a lábàá lọ́dún 1986, lẹ́yìn tó gbé mọ́tò sí apá tí kò yẹ nílé epo tí òjò sì ń rọ̀.

Yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ṣe é, géèjì náà máa ń bàjẹ́. Pálí onílà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu irin tó ń ra lórí ẹ̀ máa ń jẹ ẹ́, tó bá jẹ ẹ́ dé ojú kan tí iná ò kọjá mọ́, ọwọ́ géèjì á kàn ṣubú níbẹ̀, tó bá kọjá ibẹ̀ á tún jí. Epo tí kò dáa náà ń bà á jẹ́. Ní Florida ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, epo tí imí ọjọ́ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀ dé àwọn ilé epo, géèjì ọ̀pọ̀ mọ́tò ló bàjẹ́, torí fàdákà wà lára ẹnu tó ń ra yẹn, imí ọjọ́ sì máa ń bo fàdákà lójú, iná ò ní lè kọjá bó ṣe yẹ mọ́. Ìdí míì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pump Belgium, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, tí wọ́n rà lọ́jà pààtì mọ́tò bíi Ládípọ̀ tàbí Aráròmí, tó wọlé sínú táǹkì lóòótọ́ àmọ́ tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀, ìyẹn fúlóòtù àti pálí onílà yẹn, kì í ṣe ti mọ́tò yẹn. Wọn ò fi òǹkà kan náà ṣe wọ́n. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí pálí yẹn ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Mọ́tò GM (General Motors) àtijọ́, ohm 0 ni táǹkì òfìfo, 90 ni tó bá kún. Ford àtijọ́, òfìfo ni 73, tó bá kún ó jẹ́ 10. Ẹ gbé ti ọ̀kan sínú èkejì, géèjì á máa gòkè bí epo ṣe ń tán lọ.

Àwọn awakọ̀ ti wá ọgbọ́n sí i tipẹ́. Onídánfó tí géèjì ẹ̀ ti kú látìgbà tó ti ra mọ́tò, ìrìn ló fi ń ka epo, ó mọ̀ pé epo iye báyìí á gbé òun lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí gó-sìlóò bá ti pọ̀ lónìí ó yáa rà sí i kó tó gun Third Mainland Bridge, torí afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dán epo wò. Òmíì á mi mọ́tò kó gbọ́ bí epo ṣe ń dún nínú ẹ̀. Àwọn kan ń ki igi bọ táǹkì, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún mọ́tò àtijọ́, èyí tó wà lóde báyìí, ọ̀nà epo ẹ̀ ti tẹ̀, igi ò ní dé ìsàlẹ̀, ó sì lè kán síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tan láítà tàbí ìṣáná wo inú táǹkì láé. Kẹ́ẹ̀gì epo nínú búùtù náà, mi ò fọwọ́ sí i, èéfín epo ń jáde nínú ẹ̀ bí oòrùn bá ti mú, ọmọ sì lè wà lórí àga ẹ̀yìn níwájú ẹ̀.

Ohun tó dájú jù ni kìlómítà. Ra epo kún dé ibi tí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù ti kọ́kọ́ já fúnra ẹ̀, tẹ bọ́tìnnì trip tó ń ka kìlómítà ìrìn kó di 0, wakọ̀, ìgbà tó o bá tún máa kún un dé ibi tó já, fi lítà tó wọlé pín kìlómítà tó o rìn. 400 kìlómítà pẹ̀lú lítà 40, lítà kan ń rin 10 nìyẹn. Ẹni tí ò lágbára láti kún táǹkì lè fi iná pupa ṣe é: jẹ́ kí iná tàn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lọ ra lítà 20 ní ilé epo tó súnmọ́ ẹ, sọ trip di 0, tí iná bá tún tàn, fi 20 pín iye tó o rìn. Kò pé pérépéré, àmọ́ ó sàn ju ọwọ́ géèjì lọ fíìfíì. Ṣe é nínú gó-sìlóò àti AC, kó o tún ṣe é lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wàá rí i pé òǹkà méjì ni mọ́tò ẹ ní, èyí tó kéré ni kó o máa fi ṣírò.

Tí géèjì bá wá dúró sójú kan pátápátá, ẹ má jẹ́ kí rẹ́wáyà kọ́kọ́ sọ pé ẹ ra pump tuntun. Pump lọ́tọ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ní fúlóòtù lọ́tọ̀, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wọ́n ṣeé yọ kúrò lára ara wọn. Kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga ẹ̀yìn, kó fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ náà bó ṣe ń fọwọ́ gbé fúlóòtù sókè díẹ̀díẹ̀, tí òǹkà bá ń yí láìfò, sẹ́ńsọ̀ dáa, kó lọ wo wáyà àti ibi tí wọ́n so ó mọ́ ara irin mọ́tò. Tó bá ń fò, sẹ́ńsọ̀ nìkan lẹ máa rà. Ẹ má sì gbà kó kàn tẹ irin fúlóòtù kí géèjì lè sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́, torí tó bá tẹ̀ ẹ́ kí F lè pé, E ló máa sọnù.