Ṣé lẹ́ńsì tó tóbi jù ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jù?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí lẹ́ńsì bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tí yóò kó ṣe máa pọ̀ tó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, ohun tí ojú wa ń rí ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, bó ṣe ń fẹ̀ sí i ni ìràwọ̀ tó fara sin ń yọjú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, fún ìràwọ̀. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣe ló ti tàn kálẹ̀ bí òjò. Ẹni tó gbé báàfù síta yóò gbe omi ju ẹni tó gbé ife síta lọ.

Ibi tí a ti ń ṣì í ni pé a gbé òfin ìràwọ̀ wá bá ohun tó kéré, tó sì wà nítòsí. Ẹ tan àbẹ́là kan sáàárín yàrá. Àwo ràbàtà tí ẹ fi ti ògiri ò ní rí ju díẹ̀ gbà nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ife tíì tí ẹ bá fi dé e yóò gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ife ò tóbi, ó kàn ká iná náà mọ́ ni.

Ní báyìí, ẹ ronú kan ohun tí wọ́n ń pè ní quantum dot, ìyẹn èérún tín-ín-tín tó ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde. Fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bí 20 nánómítà lọ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan), inú gallium arsenide, kírísítálì líle kan tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ni wọ́n sì sábà máa ń rì í sí. Ó lè tú fótónì, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ máa fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ láìsí olè fi fẹ́ràn rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà kì í jáde rárá.

Ẹ bu omi sínú ife dígí, kí ẹ gbé e ga ju ojú yín lọ díẹ̀, kí ẹ wá wo ojú omi náà láti ìsàlẹ̀. Yóò máa dán bí dígí ìwojú, ẹ ò sì ní rí àjà ilé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dagun jù láti ìnàró, ojú omi á dá a padà. Nínú omi, nǹkan bíi digírì 49 ni ààlà. Nínú gallium arsenide, kò ju nǹkan bíi 17 lọ. Nínú 100 fótónì, bíi 2 péré ló ń gba òkè jáde. Lẹ́ńsì tó tóbi bí ilé ò lè kó èyí tó wà ní àtìmọ́lé.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Stuttgart ní Jámánì ni pé wọ́n tẹ lẹ́ńsì kékeré sórí quantum dot náà gan-an. Wọ́n á kán rẹ́sìn, ìyẹn oje olómi tí ìmọ́lẹ̀ lè mú le, sí i, wọ́n á wá tan lésà tó ń kọ mànà léraléra sínú rẹ̀. Rẹ́sìn yìí gbọ́dọ̀ gbé fótónì méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà kó tó lè le, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣù jọ jù nìkan nìyẹn sì ti ń ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò le, wọ́n á ṣàn án dànù. Ohun tó kù a máa rí rubutu bí ẹ̀yìn ahun, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán ò ní rí ju ẹyọ eruku lọ.

Nígbà tó jẹ́ inú rẹ́sìn ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí báyìí, tí kì í ṣe afẹ́fẹ́, ààlà yẹn á ti 17 kúrò, á di bíi 25. Ẹ̀yìn rubutu náà sì ń jẹ́ kó jáde ní tààrà láìdagun. Bí a bá ṣírò rẹ̀, fótónì 2 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 5. Lẹ́ńsì ò dá ìmọ́lẹ̀ kankan o, ìlẹ̀kùn ló ṣí. Mi ò ní pè é ní iṣẹ́ ìyanu, torí 95 ṣì wà nínú. Àwọn kan ti ń tẹ́ dígí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sísàlẹ̀ rẹ̀ kí púpọ̀ sí i lè jáde.

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni bí wọn ò ṣe ní tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́. Quantum dot kì í hù lórí ìlà bí ebè. Ibi tó bá wù ú ló ń wà. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un tutù dé nǹkan bíi -269°C, wọ́n á wá a rí, wọ́n á sàmì síbẹ̀, kí wọ́n tó tẹ lẹ́ńsì lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbátan rẹ̀ nílé, ẹ wo iná LED pupa kékeré tó máa ń wà lára rédíò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdérí lásán ni orí rubutu yẹn. Ẹyọ tó ń tàn wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀, orí rubutu náà ló ká a mọ́.