Bí Fáìlì Kan Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Oríṣi Pírósẹ́sọ̀ Méjì

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká MacBook Air tòkúnbọ̀ ti ọdún 2019 àti èyí tí ó jáde ní òpin ọdún 2020 lè jọ wà lórí tábìlì kan, kí ojú lásán má sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Inú ni ìyàtọ̀ wọn wà. Pírósẹ́sọ̀ Intel, ìyẹn ọpọlọ tó ń mú àṣẹ ṣẹ nínú kọ̀ǹpútà, ni ti àkọ́kọ́ ń lò. M1 tí Apple ṣe fúnra rẹ̀, tí í ṣe ẹ̀yà pírósẹ́sọ̀ tí a ń pè ní ARM, ni ti èkejì, àṣẹ tí ọ̀kan sì gbọ́ kò yé èkejì rárá. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá fi fláàṣì gbé áàpù láti orí ọ̀kan sórí èkejì, ó sábà máa ń ṣiṣẹ́.

Ìdí ni pé fáìlì áàpù náà kì í ṣe ètò kan ṣoṣo. Ètò méjì ni, tí a ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú kóòdù kan náà, kí irinṣẹ́ tí a ń pè ní lipo tó kó wọn sínú àpò kan, kí ó sì lẹ ìwé atọ́ka kékeré mọ́ ọn níwájú.

Inú ìwé atọ́ka yìí ni ọgbọ́n náà wà. Báìtì 4 àkọ́kọ́ jẹ́ àmì ìdánimọ̀ tí àwọn tó ń kọ ètò ń kà sí CAFEBABE. Àmì kan náà ni fáìlì ètò tí a fi èdè kọ̀ǹpútà Java ṣe fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ti da orí àwọn irinṣẹ́ kan rú rí. Báìtì 4 tó tẹ̀ lé e sọ iye ètò tó wà nínú àpò. Lẹ́yìn náà, ètò kọ̀ọ̀kan ní báìtì 20 tirẹ̀, tó ń sọ irú pírósẹ́sọ̀ tí a ṣe é fún, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì àti bí ó ṣe tóbi tó. Fún ètò méjì, gbogbo atọ́ka náà kò ju báìtì 48 lọ.

Nígbà tí a bá tẹ áàpù náà, macOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, yóò ka atọ́ka, yóò wá ìlà tó bá pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ mu, yóò sì gbé apá yẹn nìkan lọ sínú mẹ́mọ́rì. Apá kejì kò kúrò lórí dísíìkì, nítorí náà kò fa ìfàsẹ́yìn kankan. Àyè ló ń jẹ, àyè náà kò sì tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, torí pé kóòdù nìkan ló di méjì. Àwòrán àti ohùn inú áàpù wà níta àpò náà.

Ibi tí ìṣòro ti máa ń yọjú ni àwọn ètò kéékèèké tí áàpù ń pè wá ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ti Intel nìkan, apá ARM kò lè lò ó, torí pé oríṣi kóòdù méjì kì í jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú áàpù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a ṣí gbogbo áàpù náà gẹ́gẹ́ bíi ti Intel, kí Rosetta 2, ètò Apple tó ń sọ kóòdù Intel di ti ARM, máa túmọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Apple lò ó nígbà tí ó kó lọ sórí PowerPC, oríṣi pírósẹ́sọ̀ mìíràn, ní 1994, ó tún lò ó nígbà tí ó kó lọ sórí Intel ní 2006.

Orí fóònù Android ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí òdìkejì rẹ̀. Fáìlì APK, ìyẹn fáìlì tí áàpù Android máa ń wà nínú rẹ̀, lè ní fódà fún oríṣi pírósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Google Play ti ní kí áàpù tuntun wọlé ní ọ̀nà tí fóònù kọ̀ọ̀kan yóò fi máa gba apá tirẹ̀ nìkan, èyí tí kò jẹ dátà púpọ̀. Ìdí nìyí tí áàpù tí ọ̀rẹ́ fi Bluetooth ránṣẹ́ láti orí fóònù tuntun fi lè kọ̀ láti wọlé sórí fóònù àtijọ́: apá tí fóònù àtijọ́ náà nílò kò sí nínú fáìlì ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀.