Ẹlẹ́ṣin Tí Lọ́ńdọ̀nù Fi Ń Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1800, ẹṣin máa ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́ kó tó la ẹnu. Ọmọ olówó ìdílé ti ń gùn ún láti kékeré. Oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣe ní tirẹ̀ á lọ háyà ẹṣin lọ́jọ́ ìsinmi, kó lè bá àwọn ọlọ́lá yan fanda ní ọgbà ìgbafẹ́ Hyde Park. Ibẹ̀ ni ayàwòrán yẹ̀yẹ́ ti ń rí jẹ.

Nínú àwòrán wọ̀nyí, ẹṣin kì í sábà jẹ̀bi. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tú ara rẹ̀ fó. Fìlà ti fò lọ, irun àtọwọ́dá ti ṣí, ọ̀gá dì mọ́ ọrùn ẹṣin bí ọmọ tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹṣin á kàn máa wo ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

Ayàwòrán yẹ̀yẹ́ kan, Henry William Bunbury, ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1787, nígbà tó gbé ìwé kan jáde tó ṣe bí ìwé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn, àmọ́ tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dorí kodò. Orúkọ Geoffrey Gambado ló fi bojú, ó ní olùkọ́ ẹṣin gígùn ni Gambado fún olórí ìlú Venice. Venice tí omi jẹ́ títì wọn! Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rẹ́rìn-ín kó tó ṣí ewé kejì.

Orí bàbà ni wọ́n ti ń ya irú àwòrán yìí. Ayàwòrán á yọ́ ìda sójú pẹlẹbẹ bàbà dídán, á fi èéfín fìtílà sọ ọ́ di dúdú, á wá máa fi abẹ́rẹ́ họ ìda kúrò, tí bàbà á máa kọ mànà níbi tí abẹ́rẹ́ bá gbà. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì. Ibi tí ìda bò, ásíìdì ò ràn án. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ló ń jẹ wọnú. Bó bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ilà ṣe ń jìn tó, tó sì ń gba yíǹkì tó. Wọn á nu yíǹkì ojú bàbà mọ́, kó ṣẹ́ kù sínú ilà nìkan, wọn á tẹ́ bébà tútù lé e, wọn á wá tì í gba àárín rólà méjì.

Ohun tó wà lápá ọ̀tún lórí bàbà, apá òsì ló ń bọ́ sí lórí bébà. Ọ̀rọ̀ ẹṣin gan-an ni èyí ti máa ń ká ayàwòrán mọ́. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kì í ya ẹsẹ̀ gun ẹṣin. Ẹ̀gbẹ́ ló ń jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì lápá òsì. Ayàwòrán tó bá gbàgbé láti yí i padà, ẹsẹ̀ obìnrin rẹ̀ á bọ́ sápá ọ̀tún, yẹ̀yẹ́ á sì padà sílé.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun àwọ̀ sí i, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣílè kan ni èyí tí kò ní àwọ̀ sábà máa ń jẹ́, ṣílè méjì ni aláwọ̀. Owó ńlá nìyẹn fún lébìrà, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ò gba kọ́bọ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Hannah Humphrey, tó ń ta irú àwòrán yìí, ní 27 St James's Street, níbi tí ayàwòrán yẹ̀yẹ́ James Gillray ń gbé tó sì ń ṣiṣẹ́, èèyàn á pé jọ máa wò.

Ní 1819, ẹṣin onígi dé. Denis Johnson ní títì Long Acre ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é: àgbá kẹ̀kẹ́ méjì, igi kan láàárín, kò ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ ni ẹni tó gùn ún fi ń ti ilẹ̀. Àwọn afínjú ọ̀dọ́ bẹ́ mọ́ ọn, àwọn ayàwòrán náà bẹ́ mọ́ àwọn afínjú, àwòrán sì rọ́ jáde lọ́dún yẹn bí eéṣú. Ẹṣin yìí ò jẹ koríko, kò sì wọ bàtà irin. Nínú ọ̀kan lára àwọn àwòrán náà, alágbẹ̀dẹ tó ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun ló gbé òòlù, tó ń fọ́ ọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.