Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù: Ìmúrasílẹ̀ Rẹ̀ àti Ìkọ́fẹ Lẹ́yìn Rẹ̀

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí sísanra, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n gé ọ̀rá ikùn rẹ̀ dànù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀rá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà jáde lábẹ́ awọ jẹ́ ti àwọn tó ń tún ẹwà ara ṣe, kì í sì í ṣe ìwòsàn àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Agbẹ̀du, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí lẹ́yìn tí a bá gbé e mì, ni iṣẹ́ abẹ ìsanrajù ń fọwọ́ kàn, àti nígbà mìíràn ìfun kékeré tó tẹ̀ lé e. Wọn kì í yọ ọ̀rá kankan lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Láàárín àwọn oṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ara yóò máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà ju wákàtí kan sí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀, ohun tó sì tẹ̀ lé e kò ní ọjọ́ ìparí.

Irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé lónìí ni sleeve. Ọwọ́ ẹ̀wù ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ó sì bá a mu, nítorí wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbẹ̀du kúrò, èyí tó bá kù á wá gùn tín-ín-rín bí ọwọ́ ẹ̀wù ọmọdé. Apá tí wọ́n gé náà ni ghrelin ti ń jáde jù, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ebi ń pani, nítorí náà bí àyè oúnjẹ ṣe dín ni ebi pàápàá ń dín. Irú kejì ni bypass. Nínú èyí, wọ́n máa ń ya òkè agbẹ̀du sọ́tọ̀ di àpò kékeré tó gba nǹkan bíi mìlílítà 30, tí kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá méjì lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀, kí oúnjẹ má bàa gba inú agbẹ̀du tó kù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́. Edward Mason àti Chikashi Ito ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn irú iṣẹ́ yìí jáde ní ọdún 1967. Ó yani lẹ́nu pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tó ṣe bypass máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ara wọn tó fúyẹ́ rárá.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ló yẹ fún un. BMI ni àwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á fi gíga ẹni ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á sì fi iye tó bá jáde pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò. Obìnrin tó ga ní mítà 1.65, tó sì wúwo ní kílò 120, ní BMI 44. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, ni pé kí BMI tó 40, tàbí kó tó 35 bí àìsàn bí àtọ̀gbẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìlànà kan náà ní kí wọ́n fi 2.5 dín iye wọ̀nyí kù fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn kan, nítorí ewu àtọ̀gbẹ máa ń tètè dé bá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí. Ẹni tí wọ́n bá ní BMI òun kò tíì tó lè fi ọ̀wọ̀ bi dókítà rẹ̀ bóyá ó rántí rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àyẹ̀wò. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ṣúgà, áyọ́ọ̀nù (èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀), fítámì B12 àti D. Wọ́n lè ti kámẹ́rà bọ ọ̀fun láti wo inú agbẹ̀du. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ ẹni tó ń hanrun gan-an, wọ́n á wò ó bóyá èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, nítorí ewu ńlá nìyẹn lábẹ́ oògùn akunilóorun. Yóò tún bá onímọ̀ nípa oúnjẹ àti onímọ̀ nípa ọkàn àti ìrònú sọ̀rọ̀. Àwọn kan ka ti ìkejì yìí sí ìtìjú, bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n ní wèrè, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju bóyá ìbànújẹ́ tàbí ìnira kan ló ń mú ẹni náà jẹun lọ. Sìgá gbọ́dọ̀ dópin, nítorí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè san. Bí aláìsàn bá ń mu àgbo, kí ó sọ ọ́ láìfi bò, nítorí àwọn egbòogi kan máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dà jù. Jẹ́nótáìpù náà kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́ fún oníṣẹ́ abẹ.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í lóye ìdí rẹ̀ ni oúnjẹ pàtàkì tí wọ́n máa ń pàṣẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra jù sábà máa ń wú nítorí ọ̀rá, apá òsì rẹ̀ sì bo agbẹ̀du. Ojú ihò kéékèèké ni oníṣẹ́ abẹ yóò ti ṣiṣẹ́, yóò sì ní láti gbé ẹ̀dọ̀ náà sókè kí ó tó rí ohun tó ń wá. Bí a bá dín oúnjẹ afúnnilókun kù, ara á lo èyí tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ pọ̀ mọ́ omi, ẹ̀dọ̀ á sì sún kì. Nítorí náà iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì, dòdò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò á kúrò lórí tábìlì, ẹja, ẹyin, adìyẹ tí kò lọ́rá, wàrà àti ẹ̀fọ́ tí kò lépo púpọ̀ á rọ́pò wọn. Kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ má bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí láìjẹ́ pé dókítà tún òdiwọ̀n oògùn náà ṣe, kí ṣúgà rẹ̀ má bàa já wálẹ̀ jù. Àṣìṣe tó burú jù, lójú tèmi, ni oúnjẹ ìdágbére, tí èèyàn á jẹ iyán àjẹkẹ́yìn nígbà tó ku ọ̀la. Ẹ̀dọ̀ tó bá tún wú lè mú kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ní àárín.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ihò bíi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń dá sí ikùn, wọ́n á sì fi gáàsì fẹ́ ikùn kí àyè lè wà. Gáàsì yìí ló máa ń fa ìrora èjìká lẹ́yìn náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni nọ́ọ̀sì á ti ní kí aláìsàn dìde rìn. Kì í ṣe ìkà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì ní ẹsẹ̀ lè gun ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì wà lára ohun tó ń pa ìwọ̀nba àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì àti ìbọ̀sẹ̀ afúnnilẹ́sẹ̀ wà fún ìdí kan náà. Lẹ́yìn alẹ́ kan sí mẹ́ta, ilé ti yá. Bí ọkàn bá ń lù kìkì láìdúró, tí ibà mú un, tí inú rírun ń le sí i, tàbí tí kò lè mí délẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n ti rán agbẹ̀du ń jò tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì. Ilé ìwòsàn ni kí ó padà sí lójú ẹsẹ̀.

Oúnjẹ wá di ẹ̀kọ́ tuntun. Nǹkan olómi nìkan ni fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ohun tí a lọ̀ kúnná, lẹ́yìn rẹ̀ ohun rírọ̀, títí di bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ìlànà ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń fún aláìsàn ní ilẹ̀ òyìnbó kì í dárúkọ oúnjẹ wa, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà: omi ẹran tí a sẹ́ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, gbẹ̀gìrì tí a bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ tí kò sì ní ata, ẹja tí a lọ̀, lẹ́yìn náà mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Òkèlè ni ìṣòro gidi. A kì í jẹ iyán lẹ́nu, gbígbé ni a ń gbé e mì. Àpò tó ti di ṣíbí méjì kò sì lè gba òkèlè tó ń fà, tó máa há sí àyà, tí yóò sì fi èébì jáde. Jíjẹ lẹ́nu títí oúnjẹ á fi dà bí ògì ni òfin nísinsìnyí. Purotéènì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú àwo, kí ó tó bíi gírámù 60 lóòjọ́. Omi kò sì gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ rìn: a máa ń dúró bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ, kí a tó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn bypass, bí nǹkan dídùn bá sáré wọ ìfun, òógùn, àyà jíjá àti ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e.

Fítámì kì í ṣe fún oṣù mẹ́ta. Títí ọjọ́ ayé ni, pàápàá B12, áyọ́ọ̀nù, fítámì D àti kálísíọ́ọ̀mù, ó sì yẹ kí wákàtí méjì wà láàárín áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ń bì fún ọjọ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kíákíá, nítorí àìtó fítámì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́. Irun máa ń já ní bí oṣù kẹta sí ìkẹfà; ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń hù padà. Àwọn obìnrin tí kì í rí nǹkan oṣù déédéé tẹ́lẹ̀ lè ṣàdédé lóyún bí ara ṣe ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n dúró fún oṣù 12 sí 18. Ààwẹ̀, yálà ti Ràmàdáánì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ní láti dúró ní àkókò ìkọ́fẹ yìí, pàápàá èyí tí kò gba omi.

Ẹni tó ti ṣe bypass kò gbọ́dọ̀ kàn ra ibuprofen tàbí irú rẹ̀ nílé ìtajà oògùn nítorí ẹ̀yìn dídùn, nítorí ó lè dá egbò sí ojúbi tí wọ́n ti so agbẹ̀du mọ́ ìfun. Bí ó bá ń lọ sílé láti ìlú òyìnbó, kí ó mú ìwé tó ṣàlàyé irú iṣẹ́ abẹ tó ṣe dání, kí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí kó tó kọ oògùn fún un.