Disney College Program: ìṣirò tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kó tó gbà á

Oṣù díẹ̀ ní Flórídà, owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ilé tí ilé-iṣẹ́ ti ṣètò, ìwọlé ọ̀fẹ́ sí ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́rin: bí wọ́n ṣe máa ń polówó Disney College Program nìyẹn, irọ́ kọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ sí, kì í ṣe ìwé ìgbafẹ́. Fún oṣù márùn-ún sí méje, ó lè máa ta ìpápánu, ó lè máa gbálẹ̀, ó lè máa tọ́ àwọn èèyàn sínú ọkọ̀ ìṣeré, ó sì lè máa júwe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún mọ́tò nínú oòrùn. Walt Disney World tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Orlando ni ibi iṣẹ́ náà. Ọgbà yìí ṣí ní 1971, ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àrùn Kòrónà dá ètò náà dúró ní oṣù kẹta 2020. Ó padà ní 2021.

Etí àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Maryland tàbí Houston máa ń gbọ́ ọ báyìí: ọmọ fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ kó lọ gbálẹ̀ fún Mickey Mouse. Ìbẹ̀rù wọn nídìí, àmọ́ ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ewu wà. Gbígbálẹ̀ kò ba ọmọ jẹ́. Sẹ́mẹ́sítà tó lọ láìní kírẹ́díìtì, àti ẹ̀yáwó ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ Disney, ìyẹn ló yẹ kó já ẹni láyà. Ilé-ìwé ni owó ti máa ń jò jù, kì í ṣe Flórídà.

Kí á kọ́kọ́ sọ ẹni tí ètò náà wà fún. Ọjọ́ orí olùbéèrè kò gbọdọ̀ dín ní 18. Ó gbọ́dọ̀ máa kàwé ní kọ́léèjì tàbí yunifásítì tó ní ìfọwọ́sí ní Amẹ́ríkà, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ láìní gbèdéke, irú èyí tí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card ní. Disney kì í bá ẹnikẹ́ni wá físà nítorí ètò yìí. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, kò sí lára wọn. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí fún un ni CPT, àṣẹ iṣẹ́ tí ilé-ìwé ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ara ohun tó ń kọ́. Yàtọ̀ sí pé agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbà, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kàwé fún ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko kó tó lè béèrè fún un. Bó bá sì lo oṣù 12 CPT alákòókò-kíkún, OPT, àṣẹ iṣẹ́ tí ì bá lò lẹ́yìn ìjáde ní ìpele ẹ̀kọ́ yẹn, ti lọ nìyẹn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé àṣẹ tó pé, ó ti rú òfin físà rẹ̀.

Ètò mìíràn wà fún àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Físà J-1 fún iṣẹ́ ìgbà ìsinmi wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, oṣù mẹ́rin sì ni òpin rẹ̀. Q-1, tí kì í kọjá oṣù 15, wà fún aṣojú àṣà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣiṣẹ́ ní EPCOT, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin náà, níbi tí àgọ́ orílẹ̀-èdè 11 ti yí adágún omi kan ká. Mòrókò nìkan ló ti Áfíríkà wá nínú àwọn 11 náà. (Ohun kan tó jẹ́ ti Nàìjíríà ní Disney World ni egúngún Ijele àwọn Ígbò, tó dúró gàgàrà nínú ilé ìtura Animal Kingdom Lodge.) Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sí Èkó tàbí Ìbàdàn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí pé òun máa fi ọmọ tó wà ní UI tàbí LASU sínú Disney College Program, ohun tí kò sí ló ń tà.

Ó wá ku ilé-ìwé. Ọ̀nà mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà kúrò níbẹ̀ fún sẹ́mẹ́sítà kan, owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ sì yàtọ̀. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka iṣẹ́ náà sí kírẹ́díìtì, bí kóòsì ìkọ́ṣẹ́. Èyí dára, àmọ́ kí wọ́n tó lọ ni wọ́n ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá padà dé tó wá ń bẹ olórí ẹ̀ka, asán ló sábà máa ń já sí. Kóòsì ìkọ́ṣẹ́ sì máa ń gba owó ilé-ìwé lórí kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á máa sanwó láti lọ ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí ó máa ṣe kóòsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀nà kẹta ni kí ó gba ìsinmi lọ́wọ́ ilé-ìwé, kí ó má kọ́ nǹkan kan rárá.

Ẹni tó bá ní ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ní láti fi kàlẹ́ńdà ṣírò ọ̀nà kẹta yìí. Òfin ẹ̀yáwó náà ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kúrò ní ìdajì àkókò ẹ̀kọ́, tó sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì 6 ní sẹ́mẹ́sítà fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà ló ní kí ìsanpadà tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé oṣù mẹ́fà tó, àmọ́ kì í ṣe láti ọjọ́ tí iṣẹ́ Disney bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, láti ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ìkẹyìn parí ni. Ẹni tó parí sẹ́mẹ́sítà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, tó ṣiṣẹ́ ní Orlando láti oṣù kẹjọ dé oṣù kìíní, oṣù kọkànlá ni oṣù mẹ́fà tirẹ̀ pé. Ìwé gbèsè á bá a lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ kí oṣù mẹ́fà náà tó tán, wọ́n á dá a padà fún un lódindi. Bó bá ti tán, ìsanwó á dúró nígbà tó bá padà síléèwé, ṣùgbọ́n kò ní rí oṣù mẹ́fà mìíràn gbà lórí ẹ̀yáwó wọ̀nyẹn lẹ́yìn ìgbà tó bá gboyè. Kírẹ́díìtì 6 lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dènà gbogbo èyí, bí ẹni náà bá lè kàwé lẹ́yìn ṣíìfù tó parí ní aago kan òru.

Ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ (scholarship) náà ní òfin tirẹ̀: àwọn mìíràn kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fo sẹ́mẹ́sítà kankan. Kóòsì tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún tún wà. Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà, àwọn méjì tí àwọn òbí wa fẹ́ràn jù, bí irú kóòsì bẹ́ẹ̀ kan bá fo akẹ́kọ̀ọ́, ọdún kan gbáko ló lè bá a lọ. Ẹni tó ń kọ́ ìṣàkóso ilé ìtura tàbí okòwò kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ìlera, ọmọ lè wà lórí ìṣedúró òbí rẹ̀ títí di ọdún 26, àmọ́ Medicaid, ìṣedúró ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré, bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ mìíràn, kì í sábà sanwó dókítà ní Flórídà bí kì í bá ṣe pàjáwìrì.

Owó ló kàn. Iye owó tí wọ́n ń san fún wákàtí kan wà nínú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, iye owó ilé wà lára yàrá tí wọ́n bá fúnni, àwọn méjèèjì sì ń yí padà. Kí á fi 18 dọ́là fún wákàtí àti 220 dọ́là fún ilé lọ́sẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ tí wákàtí rẹ̀ jẹ́ 40 á mú 720 dọ́là wá. Lẹ́yìn Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera àwọn àgbà tí ìjọba ń yọ) tó jẹ́ ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, àti owó orí ìjọba àpapọ̀, ó máa ku nǹkan bíi 620. Yọ owó ilé kúrò, ó ku 400. Ọ̀sẹ̀ tí wákàtí rẹ̀ jẹ́ 30 á mú 540 wá. Nǹkan bíi 475 ló máa wọ ọwọ́, ilé á mú 220, ó ku 255. Oúnjẹ àti fóònù kò tíì kúrò níbẹ̀. Wákàtí lè dín kù, owó ilé kò ní dín kù. Oṣù kìíní lẹ́yìn ọdún tuntun àti oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tí ilé-ìwé wọlé, àlejò máa ń dín, wákàtí náà á sì dín. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, wákàtí á pọ̀ ju ohun tí ara fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń retí láti fi owó yìí san owó ilé-ìwé sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀, kí ó fi ọ̀sẹ̀ 30 wákàtí ṣírò, kì í ṣe 40.

Flórídà kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Maryland tàbí Georgia lè jẹ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní owó orí lórí ohun tó pa ní Orlando. Ọmọ Texas kò ní irú wàhálà yẹn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìdajì ọdún péré ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́, apá tó pọ̀ nínú owó orí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n yọ máa ń padà bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó kọjá.

Ibùgbé ni Flamingo Crossings Village, tó ṣí ní 2021 ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Disney. Láti inú owó ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀; àga, bẹ́ẹ̀dì, iná, omi, íntánẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Yàrá tí èèyàn méjì ń pín kò wọ́n tó yàrá ẹnì kan. Kò di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ inú ètò yìí gbé níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbé ìta nílò mọ́tò. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà nínú ìwé náà: iṣẹ́ àti ilé so pọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni ilé náà bọ́, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì ń fúnni láti kó ẹrù.

Lórí irú iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ohun tó wù ú, Disney ló máa yan èyí tó fẹ́. Lẹ́tà á dárúkọ iṣẹ́ náà (ìmọ́tótó, oúnjẹ kíákíá, ọjà títà, ẹ̀rọ ìṣeré, ibi ìgbọ́kọ̀sí), àmọ́ ó sábà máa ń jẹ́ pé Orlando ni èèyàn yóò ti mọ ọgbà tàbí ilé ìtura tí wọ́n pín in sí. Ẹni tó bá sọ pé àfi ọgbà Magic Kingdom ni òun fẹ́, kó má wulẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wọ aṣọ Mickey àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìdánwò ọ̀tọ̀, gíga ara sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọn òmùwẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò omi. Ìmọ́tótó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún, bẹ́ẹ̀ òun ló fúnni láyè jù láti rìn káàkiri kí a sì bá àlejò sọ̀rọ̀; ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìsanwó dúró sójú kan títí ṣíìfù fi parí.

Kíláàsì ìgbaniwọlé tí wọ́n ń pè ní Traditions ni iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àmì pupa Earning My Ears sábẹ́ orúkọ àyà rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Bàtà, ẹni náà ló máa rà á, kò sì yẹ kó ra èyí tó pọ́ọ́kú, nítorí orí ìdúró ni yóò ti lo wákàtí mẹ́jọ. Ìmúra ní òfin. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní 2021, tí wọ́n fi gba ara fínfín láyè, àmọ́ kì í ṣe lójú, lórí tàbí lọ́rùn. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, oòrùn Orlando ń mú gan-an, òjò àti mànàmáná sì ń wá lọ́sàn-án lemọ́lemọ́. Bí mànàmáná bá sún mọ́ tòsí, ẹ̀rọ ìta á dúró, àlejò tó ti tò fún wákàtí kan á sì bínú sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìgbà ìjì líle bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Òru, ìparí ọ̀sẹ̀ àti ọdún jẹ́ ti iṣẹ́: ẹni tí kò lè pàdánù Kérésì nílé tàbí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, kó wò ó dáadáa. Àìwá àti pípẹ́ lẹ́yìn máa ń di póìǹtì lórúkọ ẹni, bí póìǹtì bá sì pọ̀, wọ́n á lé e. Bọ́ọ̀sì tó pẹ́ kì í ṣe àwáwí, nítorí náà ó dára kí èèyàn fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan.

Orí ìkànnì iṣẹ́ Disney ni wọ́n ti ń béèrè, oṣù mélòó kan ṣáájú, ìbéèrè náà kì í sì gba owó. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bá gbà á rí lẹ́tà tó ní ọjọ́ tí èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé, ìgbà tó bá fara mọ́ ọn ló máa san owó ètò pẹ̀lú owó ilé àkọ́kọ́. Kó ka ibi tó sọ èyí tí wọ́n máa dá padà bó bá yí ọkàn padà. Sáà tó dára jù láti lọ bá olùgbaninímọ̀ràn ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ẹ̀yáwó ni kí lẹ́tà yìí tó dé, torí ọjọ́ tí wọ́n ń fúnni kì í tó láti gba ìfọwọ́sí yunifásítì. Yàtọ̀ sí owó yìí àti ọkọ̀ òfuurufú, ó yẹ kí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì wà lọ́wọ́ kí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Bí ara kò bá gbà á mọ́, lílọ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún ọ̀gá sàn ju kí èèyàn kàn má yọjú mọ́ lọ, nítorí àkọsílẹ̀ ẹni tó sá lọ lè tì í mọ́ ìta nígbà tó bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Disney. Ẹni tó bá fẹ́ dúró títí dé oṣù kìíní ní iṣẹ́ kan tó kù: ní bíi oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ṣí ìforúkọsílẹ̀ kóòsì sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀. Kó béèrè fún ọjọ́ ìsinmi lọ́jọ́ yẹn, kó sì rí i pé gbèsè kankan kò sí lórúkọ rẹ̀ nílé-ìwé tó lè dí ìforúkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́.