Òṣùwọ̀n ìfarapa: báwo la ṣe ń mọ ibi iṣẹ́ tó léwu jù?

Ká ní sọ́míìlì méjì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún kan, èèyàn méjì fara pa ní ọ̀kan, mẹ́rin fara pa ní ìkejì. Èwo ló léwu jù? Ẹ má tíì dáhùn. Òṣìṣẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀, wákàtí mélòó ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́?

Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ìfarapa nìyẹn. Ẹ fi 200,000 sọ iye ìfarapa di púpọ̀, kí ẹ wá fi àpapọ̀ wákàtí gbogbo òṣìṣẹ́ pín in. 200,000 ni wákàtí tí òṣìṣẹ́ 100 ń ṣe lọ́dún, bí kálukú bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Mílíọ̀nù kan làwọn mìíràn ń lò.

Òṣìṣẹ́ 10 ló wà ní sọ́míìlì àkọ́kọ́, 50 ní ìkejì. Tí kálukú wọn bá ń ṣe iye wákàtí yẹn, tí ẹ sì ṣírò ó, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 20, ti ìkejì á jẹ́ 8. Ibi tí èèyàn méjì péré ti fara pa ló léwu jù. (Àmọ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ò ti pọ̀, ìka ẹnì kan tí ayùn gé ti tó láti gbé òṣùwọ̀n kúrò ní 0 sí 10, torí náà ẹ má fi ọdún kan ṣoṣo ṣèdájọ́.)

Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nìkan ni òṣùwọ̀n yìí mọ̀. Factories Act, ìyẹn òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n fi ìjàǹbá tó ẹ̀ka ìjọba létí bí ó bá pa òṣìṣẹ́, tàbí bí kò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ta ló fẹ́ jókòó sílé ọjọ́ mẹ́ta nígbà tó jẹ́ owó ojúmọ́ ló ń gbà? Á fi àkísà di ọwọ́, á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí ọ̀gá bá tún ṣèlérí àpò ìrẹsì bí ẹnikẹ́ni ò bá fara pa títí ọdún á fi parí, kò sẹ́ni tó máa lanu sọ̀rọ̀.

Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ìjàǹbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀, àmọ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ló yẹ ká máa ka iye rẹ̀ jù. Ayùn já, ó lọ bá ògiri, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìtì igi yí kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń tì í sá. "Ọlọ́run ló yọ wá!" ni, iṣẹ́ ń bá a lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ẹ̀rọ wo, kí ló fà á. Iye tí wọ́n ń kọ lè pọ̀ sí i lóṣù àkọ́kọ́; kí ọ̀gá má bínú, ẹnu ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: ìbòrí ayùn, igi tí wọ́n fi ń há ìtì, àti pípa iná pátápátá kí wọ́n tó gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ìbọ̀wọ́ ò sí lára ohun tí mò ń sọ. Lẹ́nu ayùn tó ń yí, òun gan-an lè fa ọwọ́ wọlé.