Èdè Ègùn (Gùngbè)

Èdè Ègùn, tí àwọn tó ni ín ń pè ní Gùngbè, wà nínú ìdílé èdè Gbè pẹ̀lú Ewé, Gẹ̀n, Ajá àti Fọ̀n. Fọ̀n ló sún mọ́ ọn jù. "Gbè" túmọ̀ sí èdè tàbí ohùn. Hounkpati Capo, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ló dá a lábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé náà, torí pé Ewé ni wọ́n ń pe gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ewé kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni ojúkò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, a ń sọ ọ́ ní Àgbádárìgì, ní agbègbè Ìpókíá, àti láàárín àwọn apẹja Mákòókó. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀: Alada àti Weme wà lápá Benin, Thevi àti Seto sì wà ní Àgbádárìgì.

Fáwẹ̀lì àìránmúpè rẹ̀ jẹ́ méje bíi ti Yorùbá. Àránmúpè jẹ́ márùn-ún, ibẹ̀ sì ni Yorùbá ti máa ń ṣìnà: "an" àti "ọn", tí wọ́n jẹ́ ìró kan náà létí wa, ìró méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fún Ègùn. Kọ́ńsónáǹtì tó le fún Yorùbá ni v, z àti ɖ. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á sọ v di f, á sọ z di s. Ní ti ɖ, orí ahọ́n ni a ń ká sẹ́yìn kan àjà ẹnu. Bó bá kan ẹ̀yìn eyín, d lásán la pè.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Kò sí ohùn àárín bíi tiwa. Kọ́ńsónáǹtì akùnyùn (èyí tí ọ̀nà ọ̀fun ń gbọ̀n bí a bá ń pè é) bíi v, z àti gb máa ń fa ohùn òkè tó tẹ̀ lé e wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí ví (ọmọ) fi ń dún bíi pé ó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohùn náà ló ń ṣiṣẹ́ "ṣé" àti "ǹjẹ́". É wá ni "ó wá" (wá tiwọn kò yàtọ̀ sí tiwa). Ṣùgbọ́n tí a bá já ohùn sílẹ̀ ní ìparí, É wâ?, ó di "ṣé ó wá?". Ẹni tí kò gbọ́ jíjá yẹn kò ní mọ̀ pé ìbéèrè ni wọ́n bi òun.

Nínú gbólóhùn, àbọ̀ máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe: Àsíbá ɖù lɛ́sì, "Àsíbá jẹ ìrẹsì". Tí iṣẹ́ náà bá ń lọ lọ́wọ́, àbọ̀ á bọ́ síwájú: Àsíbá tò lɛ́sì ɖù, "Àsíbá ń jẹ ìrẹsì".

Àkọtọ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Benin ń lo ɛ, ɔ, ɖ àti x; Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ bíi ti Yorùbá. Ilé jẹ́ xwé ní Àjàṣẹ́, whé ní Àgbádárìgì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.